Ta ló ń darí wọn? Àlàyé lórí ohun tó ń bọ́ sí ìlù kan náà láìsí onílù

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá yín dúró ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo tráfíkétọ̀ ọkọ̀ méjì tó fẹ́ yà sí ọwọ́ kan náà níwájú yín. Ti ọ̀kan ń ṣẹ́jú, ti èkejì náà ń ṣẹ́jú, wọn kò sì bára mu rárá. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á wá máa tàn pọ̀, wọ́n á máa kú pọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ló di okùn àwọn méjèèjì mú. Kí ẹ tó ka ogún, wọ́n tún ti yà kúrò lára ara wọn.

Ẹ wá fi ìyẹn wé àwọn obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Ọmọ odó ọ̀kan ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ wálẹ̀. Nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìnáwó bá wà, ẹni mẹ́ta ló máa ń dúró ti odó, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí ọmọ odó kọlu ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dúró láti nu òógùn ojú, tó sì tún gbé ọmọ odó rẹ̀, kò ní gún ju ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lọ tí yóò fi rí àyè rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó ń ka ení, èjì fún wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nǹkan méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ńṣe ni tráfíkétọ̀ méjèèjì ṣèèṣì pàdé lójú ọ̀nà. Ohunkóhun kò so wọ́n pọ̀, àti pé ìgbà tí ọ̀kan fi ń ṣẹ́jú yá díẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pàdé tí wọ́n sì ń túká. Àwọn tó ń gún iyán ní ohun tó so wọ́n pọ̀: etí ń gbọ́, ojú ń rí, odó kan náà ń mì lábẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn. Ẹ dà wọ́n rú, wọ́n á padà. Ti àwọn agúnyán yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní synchronization. Èmi yóò máa pè é ní ìbárarìn. Bí ẹ bá rí nǹkan méjì tó ń ṣe bákan náà lásìkò kan náà, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìbárarìn ni, ẹ da ọ̀kan rú, kí ẹ wò bóyá yóò padà.

Ohun tí ọkùnrin kan ṣe láti orí ibùsùn àìsàn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Christiaan Huygens ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Òun ló ṣe aago tó ń lo pẹ́ńdúlọ̀mù ní 1656, ìyẹn irin tó rọ̀ dirodiro tó ń fì lọ fì bọ̀, aago náà sì péye ju gbogbo èyí tó ti wà ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí àwọn atukọ̀ máa gbé e lọ sójú agbami, torí pé ẹni tó bá mọ iye aago tó lù ní ìlú tó ti gbéra lè ṣírò bí òun ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Méjì méjì ló ń kó aago náà pọ̀, kí èkejì lè máa bá iṣẹ́ lọ bí ọ̀kan bá dúró.

Ní oṣù Kejì ọdún 1665, àìsàn dá a dúró sílé, ó sì ń wo aago méjì tó gbé kọ́ sórí igi kan náà. Ó rí i pé pẹ́ńdúlọ̀mù wọn ń fì ní ìdàkejì ara wọn láìyẹ̀: bí ọ̀kan bá lọ sọ́tùn-ún, èkejì á lọ sósì. Ó dà wọ́n rú. Nígbà tó tó bí ààbọ̀ wákàtí, wọ́n ti padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ó kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí ara wọn ló fà á. Àmọ́ nígbà tó gbé wọn jìnnà síra, ìbárarìn náà tú, ọ̀kan sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ṣíwájú èkejì lójúmọ́. Bó ṣe wá mọ̀ nìyẹn pé igi tí wọ́n gbé kọ́ ni. Igi náà ń mira díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, ibẹ̀ ni àwọn aago náà sì ti ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdàkejì ara wọn ni wọ́n yàn? Bí pẹ́ńdúlọ̀mù méjèèjì bá jọ lọ sọ́tùn-ún, wọ́n á jọ ti igi náà, igi á mì, agbára wọn á sì máa ṣòfò sínú mímì yẹn. Bí wọ́n bá kọjú síra, ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti ìta. Ilẹ̀kùn kò ní lọ ibì kankan. Igi á dúró jẹ́ẹ́, kò sì sí ohun tí yóò jẹ agbára wọn. Gbogbo ìrìn mìíràn ń rẹ̀ dànù, èyí tí kò ná wọn ní nǹkan kan ló ń ṣẹ́kù. Aago kò ronú, kò yàn. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ó rọrùn láti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bára wọn ṣọ̀kan ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ òmíràn tó jọ ọ́. Ẹ ti ọmọdé lórí jangírófà ní àsìkò tó yẹ, yóò máa lọ sókè sí i. Ẹ jẹ́ kí tírélà kọjá níwájú ilé, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìbárarìn. Jangírófà kò ní agbára tirẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, yóò dúró. Fèrèsé kò ní sọ pé òun ń gbọ̀n lọ lẹ́yìn tí tírélà ti lọ. Nínú ìbárarìn, olúkúlùkù ní agbára àti ìlù tirẹ̀ kó tó pàdé èkejì. Ẹ já ohun tó so wọ́n pọ̀, wọn kò ní dúró. Kálukú á padà sí ìlù ti ara rẹ̀.

Èyí tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni ti tanátaná. Lẹ́bàá odò ní ilẹ̀ Thailand àti Malaysia, igi kan lè kún fún ọ̀kẹ́ àìmọye tanátaná lálẹ́, kí gbogbo wọn máa tàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa kú lẹ́ẹ̀kan náà, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Engelbert Kaempfer, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ròyìn rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àmọ́ ó ṣòro fún àwọn tí kò débẹ̀ láti gbà. Ní 1917, Philip Laurent kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ìpéǹpéjú òun ló ń ṣẹ́, kì í ṣe pé àwọn kòkòrò náà ń tàn pọ̀. Àwọn mìíràn ní aṣáájú kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí àwọn yòókù ń wò. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1960 ni John Buck, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, àti ìyàwó rẹ̀, Elisabeth, kó tanátaná wá sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Bangkok, wọ́n pa iná, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ń tàn bó ṣe wù wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, méjì tó sún mọ́ra bẹ̀rẹ̀ sí í tàn pọ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó tún ń pọ̀ sí i. Kò sí aṣáájú níbẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ gbà pé nǹkan kan wà nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀. Tó bá kún dé ẹnu, kòkòrò á tàn, gbogbo rẹ̀ á dà nù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Bó bá rí ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíràn kí tirẹ̀ tó kún, tirẹ̀ á fò sókè díẹ̀. Charles Peskin ló kọ́kọ́ ya irú àwòrán ìṣirò yìí ní 1975, ọkàn ènìyàn ló sì ní lọ́kàn, kì í ṣe kòkòrò. Ní 1990, Renato Mirollo àti Steven Strogatz fi ìṣirò hàn pé bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, bí gbogbo wọn bá jọra tí wọ́n sì ń rí ara wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gbogbo wọn á parí sí títàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an. Kíkún náà gbọ́dọ̀ yá níbẹ̀rẹ̀, kó sì máa lọ́ra bó ṣe ń súnmọ́ ẹnu. Ẹ wo fóònù yín nígbà tó bá ń gba iná: láti 10 dé 50, kíá ni, láti 95 dé 100, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Bí ẹnì kan bá wá fún fóònù tó wà ní 20 ní márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló bá a dín kù. Bó bá fún èyí tó wà ní 95, ó ti kún nìyẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tanátaná. Èyí tó fẹ́ tàn tẹ́lẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò máa ń fà jù, títí á fi tàn pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbàrà tí méjì bá ti tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti di ọ̀kan: wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti òfo, wọ́n jọ ń rí ìmọ́lẹ̀ kan náà, kò sí ohun tí yóò tún yà wọ́n. Àwòrán tó rọrùn ni o. Tanátaná Thailand gan-an ń ṣe ju èyí lọ, torí ó lè yí ìlù ti ara rẹ̀ padà láti bá ti àwọn yòókù mu.

Bí wọn kò bá wá jọra ńkọ́? Nínú ayé gidi, kò sí méjì tó dọ́gba. Yoshiki Kuramoto, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Japan, ló fún wa ní ìdáhùn tó mọ́ jù, ní 1975. Nǹkan méjì ló ń jà: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlù wọn ń tú wọn ká, ìdè tó so wọ́n pọ̀ ń kó wọn jọ. Èèyàn lè rò pé bí ìdè bá ń le sí i, ìbárarìn náà á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí dé ìwọ̀n kan, ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa dún gèdègèdè bí ariwo ọjà. Tí ìdè bá wá kọjá ìwọ̀n yẹn báyìí, àwọn kan á bọ́ sí ìlù kan náà lójijì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn yòókù mọ́ra. Ẹ lè gbọ́ ọ níbi tí èrò ti ń pàtẹ́wọ́: lápá ìlà oòrùn Yúróòpù, wọ́n gba ohùn àtẹ́wọ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré, wọ́n sì rí i pé kí àtẹ́wọ́ tó lè bára mu, àwọn ènìyàn máa ń dín ìyára ọwọ́ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, ìyàtọ̀ àárín ẹnì kan àti ẹnì kejì ń kéré, ìdè etí sì ń borí.

Nínú ara wa, ohun kan náà ló ń pa wá mọ́ láàyè. Lápá òkè ọ̀tún ọkàn, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan wà tó tó nǹkan bí 10,000, òun ló ń lu ìlù fún gbogbo ọkàn. Kò sí ọ̀gá nínú 10,000 yẹn. Kálukú lè dá lù. Bí wọ́n bá ya sẹ́ẹ̀lì ọkàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwo, kálukú á máa lu tirẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fara kanra, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lù pọ̀. Nínú ọpọlọ, lẹ́yìn ojú, nǹkan bí 20,000 sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tó ń pa aago ọ̀sán àti òru ara wa mọ́. Tí wọ́n bá fi aago yẹn sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ìyípo rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ. Oòrùn ló ń bá a tún un ṣe lójoojúmọ́. Ìdè tiwa àti ti oòrùn kò lọ síwá sẹ́yìn, ó ń darí wa, àwa kò lè darí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wọ bàálù láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, aago ìlú méjèèjì dọ́gba tàbí kó fi wákàtí kan yàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó lọ sí Houston, wákàtí mẹ́fà tàbí méje ni ìyàtọ̀, ó sì lè gbà á ní ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn ibẹ̀ tó fa aago ara rẹ̀ wá sí àyè.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun kan tí ọ̀pọ̀ obìnrin gbàgbọ́, pé bí wọ́n bá ń gbé pọ̀, nǹkan oṣù wọn á máa bọ́ sí àsìkò kan náà. Ìwádìí Martha McClintock ní 1971 ló tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Àwọn ìwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù wò ó, kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí tráfíkétọ̀. Nǹkan oṣù ẹnì kan ń gba ọjọ́ 27, ti ẹlòmíràn ń gba 30, ó di dandan kí wọ́n pàdé nígbà mìíràn, oṣù tí wọ́n pàdé la sì máa ń rántí.

Ibi tí ìbárarìn ti kàn wá jù ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ iná. Gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lórí grid, ìyẹn wáyà ńlá tó so àwọn ibùdó iná orílẹ̀-èdè pọ̀, láti Kainji àti Jebba dé Egbin létí Ìkòròdú, gbọ́dọ̀ máa lu ìlù kan náà: ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi tàbí gáàsì sábà máa ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan láti fún wa ní 50 yẹn. Èyí tó ń lo odò ń yí jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òòfà inú rẹ̀ ló pọ̀, tí ìlù náà fi bára mu. Wáyà gíga tó kọjá lórí oko wa ni igi tí Huygens gbé aago kọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ sáré ṣáájú, ẹrù àwọn yòókù á bọ́ sí i lọ́rùn, á sì fà á sẹ́yìn; bí òmíràn bá fẹ́ rẹ̀yìn, àwọn yòókù á gbé e.

Ẹ ti gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe ń ké nígbà tí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn: ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á kérora díẹ̀, kó tó gbé ara nílẹ̀. Grid náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì, ẹrù tó ń gbé á já lé àwọn yòókù lórí, gbogbo wọn á falẹ̀, 50 á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ nọ́ńbà yẹn fún gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Bó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ààbò tó ń yọ ọ́ kúrò kó má baà bàjẹ́, àmọ́ bí ọ̀kan bá yọ, ẹrù tún pọ̀ lórí àwọn tó kù, òmíràn á tún yọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òkùnkùn ti bo orílẹ̀-èdè. Ní 2024, ó ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ìdí tó fi máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí iná tó padà ni pé wọn kò lè tan gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan á kọ́kọ́ dìde, wọ́n á wá mú èkejì bá a mu: ìyára gbọ́dọ̀ dọ́gba, agbára iná gbọ́dọ̀ dọ́gba, ìgbà tí iná ọ̀kan bá fì dé òkè ni ti èkejì gbọ́dọ̀ dé òkè. Irinṣẹ́ kan wà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí bíi ti aago. Ìgbà tó bá dúró sí aago méjìlá ni wọ́n lè so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá so ó nígbà tí kò tíì bára mu, ìdè náà á fà á wá sí àyè tipátipá, agbára yẹn sì lè ká irin nínipọn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ki jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láìsí ṣénjíọ́fà. Yàtọ̀ sí pé ó lè pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe lójú títì, bí iná ìjọba bá dé, yóò bá jẹnẹrétọ̀ yín lórí wáyà kan náà, ìlù wọn kò ní bára mu, ti grid sì ni yóò borí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Millennium Bridge ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2000, wọ́n sì tì í lẹ́yìn ọjọ́ méjì torí pé ó ń fì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ èrò. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó dúró jẹ́ẹ́ títí àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀ fi tó nǹkan bí 160, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ lójijì, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Kuramoto. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń sọ pé ìbárarìn ẹsẹ̀ ló fà á. Ní 2021, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé afárá náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fì kí ẹsẹ̀ tó bára mu: olúkúlùkù tó ń ya ẹsẹ̀ kó má baà ṣubú ń ti afárá náà díẹ̀, ìtì wọ̀nyẹn sì ń para pọ̀. Ẹsẹ̀ tó bára mu lè jẹ́ àbájáde, kó má jẹ́ ìdí.

Ìbárarìn kì í sì í ṣe ohun rere nígbà gbogbo. Nínú ọpọlọ tó dá ṣáṣá, àwùjọ sẹ́ẹ̀lì kékeré ń pàdé, wọ́n ń túká, kálukú lórí iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn ló ti bọ́ sí ìlù kan náà ju bó ṣe yẹ lọ. Iná mànàmáná inú ọpọlọ ló ń fà á, kì í ràn, itọ́ rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má sá fún un, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìdè tó le jù náà léwu fún aago. Ní 2002, àwọn onímọ̀ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Georgia Tech, Atlanta, ní Amẹ́ríkà, tún ohun tí Huygens ṣe ṣe, láti mọ ìdí tó fi rí ohun tó rí. Wọ́n rí i pé ìwúwo àpótí aago ló pinnu gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wúwo jù, igi kò ní mì tó, àwọn aago kò ní gbọ́ra. Bí ó bá fúyẹ́ jù, igi á mì púpọ̀, agbára ọ̀kan á tán, yóò sì dúró. Huygens ti di òjé wúwo sísàlẹ̀ àpótí aago rẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwádìí kankan, bí kò ṣe kí aago lè dúró ṣánṣán nígbà tí ọkọ̀ bá ń ru sókè sódò. Ká ní kò di òjé yẹn ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ì bá rí láti orí ibùsùn rẹ̀ ni aago kan tó ti kú, àti èkejì tó ń dá fì.